Ọ̀gá Ìràwọ̀ Kò Jẹ́ Kí N Gbéyàwó

Mo rántí ìgbà tí ọkùnrin kan tí kò sí láyé yìí, tí kò sì fi ìgbà kan wà rí, fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìyàwó mọ́ mi lọ́wọ́. Kì í ṣe pé ó fẹ́ fẹ́ ẹ. Kò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n rí. Inú àpótí onígíláàsì ló ń gbé, nínú pálọ̀ bàbá ìyàwó mi ní Òkìtìpupa, ìrọ̀lẹ́ Sátidé nìkan ló sì máa ń yọjú, bí àlejò tó mọ ìgbà tí ọbẹ̀ ń jinná. Síbẹ̀, nítorí ibi tí ó ti wá, nítorí ẹni tó bí i, àti nítorí bóyá ó ní ẹ̀gbọ́n tàbí kò ní, àwọn àgbà tó yẹ kí wọ́n jókòó mú ọjọ́ ìgbéyàwó fún mi pa mí tì, wọ́n dojú ìjà kọ ara wọn. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà lọ́dún náà lóòótọ́. Tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń wò. Orí mi sì wọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èjìká.

Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà náà ni. Tíṣà ni mí ní Òde-Ayé. Mo ní kẹ̀kẹ́ ológeere kan, mo ní ṣòkòtò tí ẹnu ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó fi ń gbálẹ̀ fún mi bí mo bá ń rìn, mo máa ń fi òòyà la irun mi sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo sì gbà lọ́kàn mi pé kò sí bàbá tí yóò rí mi tí kò ní sáré fún mi lọ́mọ. Ọmọbìnrin tí ọkàn mi fẹ́, tíṣà lòun náà. Bàbá rẹ̀ ń ṣòwò igi gẹdú, Bàbá Onígẹdú ni gbogbo ìlú ń pè é. Ọkùnrin gíga ni, ohùn rẹ̀ sì dà bí ìgbà tí igi ńlá bá ń wó nínú igbó: wàá gbọ́ ọ kí o tó mọ ibi tí ó ti ń bọ̀. Òun ló ra tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ amúnáwá tó ń gbé e. Ó ri irin tó ń fa àwòrán láti Ìbàdàn mọ́ orí òpó tó ga ju igi àgbọn lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá ti yí òpó náà, ẹnì kan nínú ilé á jáde lọ dì í mú, àwọn tó jókòó á sì máa ké pé, "Ó ti dé! Ó tún ti lọ! Dá a padà, dá a padà, o ti mú un kọjá!"

Eré tí a ń wò, èdè òyìnbó ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀. Ọkùnrin kan ló ti inú ìràwọ̀ wá sílé ayé, nínú ọkọ̀ kan tó dà bí ìdérí ìkòkò méjì tí a dojú kọ ara wọn. Aṣọ rẹ̀ ń dán, ó sì fún mọ́ ọn lára. Obìnrin dókítà kan ló rí i nínú koríko níbi tí ọkọ̀ náà já sí, ó sì ń tọ́jú rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ọkùnrin náà ń gba àwọn èèyàn là, ó ń wo ara ògiri kọjá sí ẹ̀yìn, ó sì ń wo dókítà yẹn pẹ̀lú. Ọ̀gá Ìràwọ̀ ni a sọ ọ́. Ẹnì kan ti kọ́kọ́ pè é ní Ará Ọ̀run, ṣùgbọ́n ìyá ilé ní kò sí ará ọ̀run kan tó máa jókòó sí pálọ̀ òun.

Ọmọbìnrin tí mo fẹ́ ló ń túmọ̀ eré náà fún pálọ̀. Á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n bí ògbufọ̀ inú ṣọ́ọ̀ṣì, òyìnbó á sọ tirẹ̀, òun á sọ tiwa. Èmi á jókòó sẹ́yìn, màá máa wo ògbufọ̀. N kò bìkítà nípa ìràwọ̀ kankan nígbà náà. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti máa fetí sílẹ̀.

Àbúrò bàbá mi ló mú mi wọ ilé náà gẹ́gẹ́ bí ọkọ ìyàwó lọ́la. Bàbá Kékeré ni mo ń pè é. Àyèká ló ń gbé, ó ń dá oko ẹ̀gẹ́, ó ń fún epo, ó sì ń ṣe ìjọ Aládùúrà tọkàntọkàn: sùtánà funfun, ẹsẹ̀ lásán, Bíbélì lábẹ́ abíyá. Òun ló tọ́ mi. Ìgbà àkọ́kọ́ tó bá mi dé ilé yìí, ọjọ́ tí eré náà bẹ̀rẹ̀ gan-an, bóun náà ṣe kó sínú Ọ̀gá Ìràwọ̀ nìyẹn. Ó rí ọkọ̀ náà tó ń sọ iná sílẹ̀ láti òfuurufú, ó dìde dúró, ó ní, "Kẹ̀kẹ́ iná Èlíjà!" Láti ọjọ́ yẹn, kò sí òjò tàbí oòrùn tó lè dá a dúró ní Àyèká ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Bàbá Onígẹdú sọ ọ́ ní Wòlíì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó fi í joyè wòlíì. Àwọn méjèèjì á jókòó sórí àga kan náà, wọ́n á máa bu ẹ̀pà jẹ nínú àwo kan. Mo rò pé inú oyin ni mo wà.

Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹnìkan kì í ṣàdédé gbé ọmọ fún ọmọ. Wọ́n á wádìí. Àìsàn wo ló wà nínú ìdílé yẹn? Irú ikú wo ló ń pa wọ́n? Ta ni bàbá, ta ló bí bàbá? Wọ́n ti wádìí tiwa títí, wọn kò rí àbùkù. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù, òun náà sì ni bàbá mi.

Bàbá mi ti lọ sí Gánà nígbà tí eyín mi àkọ́kọ́ kò tíì yọ tán. Ó kọ́kọ́ ń fi aṣọ ránṣẹ́, lẹ́yìn náà ó ń fi ìkíni ránṣẹ́, lẹ́yìn náà kò fi nǹkan kan ránṣẹ́ mọ́. Nígbà tí wọ́n lé àwọn èèyàn wa kúrò ní Gánà, tí ọkọ̀ akẹ́rù ń já àwọn aráalé wa sílẹ̀ tẹrù tẹrù, Bàbá Kékeré wọ sùtánà rẹ̀, ó lọ dúró sí gáréèjì, ó ń yẹ ojú gbogbo ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ wò. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí ọkọ̀ fi tán. Bàbá mi kò sọ̀ kalẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó wá sọ pé òun rí òkú rẹ̀. Ẹni tí a kò rí òkú rẹ̀, tí ẹnìkankan kò túfọ̀ rẹ̀ fún wa, a kì í sọ pé ó ti kú. Bí a bá sọ ọ́, a gbọ́dọ̀ ṣe ìsìnkú, a gbọ́dọ̀ pín ilé rẹ̀. Bí ó bá wá wọlé lọ́la ńkọ́? Ìdí nìyẹn tí Bàbá Kékeré fi máa ń dáhùn pé, "Ọlọ́run ló mọ̀," bí wọ́n bá bi í. Bàbá Onígẹdú sì ti fẹ́ gbà á bẹ́ẹ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti fẹ́ gbà.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan báyìí, ni ọkọ̀ mìíràn bá já láti ojú ọ̀run nínú tẹlifíṣọ̀n. Ọkùnrin kan sọ̀ kalẹ̀, ó di mọ́ Ọ̀gá Ìràwọ̀. Ògbufọ̀ wa sì ní, "Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni."

"Ẹ̀gbọ́n ta ni?" Bàbá Onígẹdú ti dìde. "Ẹ̀gbọ́n láti ibo? Ṣebí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ọkùnrin yìí já sínú koríko, tí dókítà bi í pé àwọn èèyàn rẹ̀ dà, ṣebí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé wọ́n ti kú tán, pé òun nìkan ló kù? Ibo ni ti ẹ̀gbọ́n ti wá hù?"

Bàbá Kékeré ní, "Kò sọ bẹ́ẹ̀ o. Ó ní wọ́n wà lọ́nà jíjìn."

"Wòlíì, mo gbọ́ ọ!"

"Èmi náà gbọ́ ọ, Bàbá Onígẹdú."

Kí n sọ ọ́ kó yé yín: òyìnbó tí Bàbá Onígẹdú gbọ́ kò kọjá "gúdù mọ́nìn" àti orúkọ igi. Ti Bàbá Kékeré kò tó ìyẹn. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ń jà lé lórí yìí, ògbufọ̀ wà nílé ìdáná, ó ń dín ẹja. Èmi wà ní pálọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni mò ń wò. Kò sí ẹlẹ́rìí kankan. Ìyẹn kò sì dí wọn lọ́wọ́.

Télọ̀ kan wà, ìsọ̀ rẹ̀ ló dojú kọ ilé náà, kì í sì í pa eré yẹn jẹ. Ó gbé ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n kọ́ nìyí. Ọ̀rọ̀ kọ́là ọrùn aṣọ ni. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kọ́là ọkùnrin yìí ga, kò ní ojú abẹ́rẹ́ rárá. Ẹ wò ó báyìí. Kọ́là ti wálẹ̀, ojú abẹ́rẹ́ méjì ló wà lára rẹ̀. Kì í ṣe ẹnì kan náà. Wọ́n ti pa Ọ̀gá Ìràwọ̀ gan-an, ìbejì rẹ̀ ló ń wò wá yìí."

"Wọ́n ti pa ọgbọ́n orí ìwọ náà," ni Bàbá Onígẹdú fi dá a lóhùn.

Ìyá ilé gbé àwo kọjá láàárín wọn. "Ẹ̀gbọ́n o, ìbejì o, ẹnìkan kò tíì fún ọmọ yẹn lóúnjẹ láti ọjọ́ tó ti dé. Ẹ ò wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Àṣìṣe ni. Mo rò pé eré ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn kò tán ní ọjọ́ yẹn, kò tán ní Sátidé kejì, ó sì ń le sí i bí ọbẹ̀ tí a gbàgbé lórí iná. Bí Ọ̀gá Ìràwọ̀ bá la odò kọjá, Bàbá Onígẹdú á ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dà kó wá bá a là á?" Bí ẹ̀gbọ́n bá rẹ́rìn-ín, Bàbá Kékeré á na ìka sí i: "Ṣé òkú ló ń rẹ́rìn-ín yìí?" Wọn ò jẹ ẹ̀pà nínú àwo kan mọ́. Télọ̀ ń gbé okùn ìwọnṣọ rẹ̀ wá, ó fẹ́ fi wọn kọ́là lójú gíláàsì.

Ọjọ́ tí gbogbo rẹ̀ dàrú, dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún Ọ̀gá Ìràwọ̀ pé òun fẹ́ràn rẹ̀ ni. Àwọn obìnrin inú pálọ̀ mí kanlẹ̀. Bàbá Onígẹdú bá yí padà sí Bàbá Kékeré. Ohùn rẹ̀ kò wó bí igi lọ́tẹ̀ yìí. Ó rọra jáde.

"Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni í gbẹ, Wòlíì."

"Kò gbàgbé. Kò fẹ́ sọ ọ́ ni."

"Kí ló dé tí kò fẹ́ sọ ọ́? Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Jẹ́ kí n bi ọ́: ká ní èmi ni bàbá dókítà yẹn, ṣé màá gbé ọmọ mi fún ẹni tí kò lè sọ bóyá ará ilé rẹ̀ kú tàbí ó wà láàyè?"

 Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ̀ pé ọkọ̀ ìràwọ̀ ti kúrò nínú tẹlifíṣọ̀n, ó ti já sí Àyèká. Ògbufọ̀ dákẹ́, òyìnbó ń sọ̀rọ̀ lọ fúnra rẹ̀. Bàbá Kékeré mú Bíbélì rẹ̀ lórí àga, ó gbé e sábẹ́ abíyá, ó kí ìyá ilé, ó sì jáde. Mo sáré tọ̀ ọ́. Kò jẹ́ kí n gbé òun sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Ẹsẹ̀ ló fi rìn délé, mo ń ti kẹ̀kẹ́ mi tẹ̀lé e.

Ìyà mi bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Mo di ìránṣẹ́ láàárín àgbà méjì tí wọn kò fẹ́ rí ara wọn, tí wọn kò sì lè gbàgbé ara wọn. Mo gun kẹ̀kẹ́ títí itan mi fi le bí igi obì. Màá dé ọ̀dọ̀ Bàbá Onígẹdú, màá dọ̀bálẹ̀, á ní, "Tíṣà, n kò kórìíra rẹ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ ọ́ kan. Bí bàbá rẹ bá ti kú, ẹ ṣe òkú rẹ̀, ká bá yín sunkún, kó tán. Bó bá wà láàyè, kó ránṣẹ́ pé òun mọ̀ sí i. Mi ò lè máa dárúkọ àna tí mi ò mọ̀ bóyá kí n kí i tàbí kí n dárò rẹ̀." Mo rò pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti parí, mo ti ń dìde, á wá fà mí ní apá aṣọ: "Ó gbọ́dọ̀ ti sọ nǹkan kan nípa ẹ̀gbọ́n yẹn. Kí ló wí?"

Màá fà á tì, màá gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Àyèká. Bí mo ṣe bá Bàbá Kékeré lọ́jọ́ kan, ó ń yí púpurú, ẹ̀gẹ́ tí a mọ roboto bí ọmọ bọ́ọ̀lù, lórí pẹpẹ èéfín, ojú rẹ̀ pọ́n. Mo jókòó tì í. Mo ní, "Bàbá, ẹ dákun. Ẹ kúkú sọ pé ó ti kú. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Bó bá padà wá, a ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀."

Kò wò mí. Ó yí ọ̀kan, ó tún yí òmíràn. "Bí mo bá fi ẹnu mi sọ pé ẹ̀gbọ́n mi kú," ó ní, "èmi ni mo pa á. Ikú kò tíì pa á. Èmi ni."

 Mo ṣáà jókòó sínú èéfín. Ó tún yí púpurú kan sí i, ó ní, "Ṣé télọ̀ yẹn ṣì ń sọ ìranù nípa kọ́là?"

Mo fẹ́ lu orí mi mọ́ ògiri. Ẹ sọ fún mi, kí lèèyàn ń ṣe pẹ̀lú irú àwọn àgbà báyìí? Láàárín gbogbo èyí, akọ̀wé kọ́ọ̀tù kan tó ní alùpùpù ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà kí Bàbá Onígẹdú ní Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn. Bàbá rẹ̀ wà láàyè. Bàbá bàbá rẹ̀ wà láàyè. Ó ń dárúkọ àwọn baba ńlá rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnìkan bi í, láti orí ẹni tó wà dé orí ẹni tó tẹ ìlú dó, bí ẹni ń ka àwọn ìtàn-ìdílé inú Bíbélì. Bàbá Onígẹdú máa ń mi orí, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọbìnrin náà sì sọ fún mi lẹ́yìn ilé ìwé rẹ̀, ó ń nu ẹfun kúrò lọ́wọ́, pé bàbá òun ti bi òun léèrè bóyá alùpùpù máa ń gbé èèyàn ṣubú.

"Kí lo fi dá wọn lóhùn?" mo ní.

"Mo ní ó máa ń gbé èèyàn ṣubú gan-an. Ṣùgbọ́n n kò lè máa sọ ọ́ títí ọdún fi máa parí o. Wá nǹkan ṣe."

Kí ni kí n ṣe? Mo bá télọ̀ sọ̀rọ̀ kó bá mi bẹ̀ wọ́n. Ó dé ibẹ̀, ó sọ̀rọ̀ kọ́là fún wọn.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn ará Ìbàdàn kéde pé àwọn yóò tún Ọ̀gá Ìràwọ̀ fi hàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún pálọ̀, Bàbá Onígẹdú sì lu itan rẹ̀ gbà-ò. Ó ránṣẹ́ sí Àyèká, èmi ni ìránṣẹ́. "Sọ fún Wòlíì kó wá. Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu la fi ń sọ ọ́, ẹnu ọkùnrin yẹn la ó sì gbọ́. Bó bá sọ pé àwọn èèyàn òun kú tán, Wòlíì náà á sọ ọ́ kan nípa bàbá rẹ níwájú gbogbo wa. Bí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, èmi ò tún ní béèrè mọ́ láé." Bàbá Kékeré gbọ́, ó ronú díẹ̀, ó ní òun gbà. Ó dá a lójú bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì ló dá lójú bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo kàwé, tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ọjọ́ iwájú mi wá wà lẹ́nu òṣèré òyìnbó kan tó wọ aṣọ bí ẹja inú agolo.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó kún dé ojú fèrèsé. Bàbá Kékeré dé, sùtánà rẹ̀ funfun báláú, wọ́n fún un ní àga rẹ̀ àtijọ́, ó jókòó láì wo ẹ̀gbẹ́. Ìyá ilé kò sí nílé ìdáná lọ́tẹ̀ yìí, kò sì jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. "Ẹja tó bá jóná, kó jóná," ó ní. Ọkọ̀ ìdérí ìkòkò náà já. Koríko ń jó. Dókítà sáré dé, ó kúnlẹ̀, ó gbé orí Ọ̀gá Ìràwọ̀ lé itan. Ó bi í léèrè. Ògbufọ̀ ní, "Ó ní, 'Níbo ni o ti wá? Àwọn èèyàn rẹ dà?'"

 Ọ̀gá Ìràwọ̀ la ojú. Ó wo òkè, ibi tí àwọn ìràwọ̀ wà. Ó rọra mi orí. Orin bẹ̀rẹ̀, àwòrán sì yí sí ibòmíràn.

"Kí ló wí?" ni Bàbá Onígẹdú.

"Kò wí nǹkan kan, Bàbá."

"Kò wí kẹ̀? Gbọ́ ọ dáadáa!"

"Ó wo òkè, ó mi orí. Kò la ẹnu rárá, sà."

Ẹ ò rí i? Gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, gbogbo kẹ̀kẹ́ tí mo gùn, gbogbo ẹ̀pà tí ẹnìkan kò bá ẹnìkejì jẹ mọ́, orí ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan kò sọ ni. Mo wo àwọn àgbà méjèèjì. Mo retí pé ojú á tì wọ́n. Ojú wo? Àwọn méjèèjì wo ara wọn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ìjà ti bẹ́, wọ́n sì la ẹnu pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà:

"Wọ́n ti gé e!"

"Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn!" ni Bàbá Onígẹdú.

"Èmi náà gbọ́ nǹkan!" ni Bàbá Kékeré. "Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀! Àwọn ará Ìbàdàn ti gé e kúrò!"

"Wọ́n rò pé ará oko ni wá, pé a ò ní mọ̀!"

"Mo ti sọ," ni télọ̀. "Ẹni tó pààrọ̀ kọ́là ló gé e."

Wọ́n kò bú télọ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe. Wọ́n ń gbá ọwọ́, wọ́n ń bú àwọn ará Ìbàdàn, inú wọn sì ń dùn bí ti àwọn tó jọ mú olè. Èmi nìkan ni mo dúró gbagidi láàárín wọn, mo ń rò ó pé, ìyàwó mi ńkọ́? Ọ̀gá Ìràwọ̀ kò sọ pé wọ́n kú, kò sì sọ pé wọn ò kú. Ta ló jàre?

Ìyá ilé gbé oúnjẹ wá fún Bàbá Kékeré, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ó ti ń gbé e kalẹ̀. Kò fi ṣe ìjà rárá. Bí obìnrin ṣe ń béèrè àlàáfíà ara ni. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀gbọ́n yín tó lọ Gánà, ṣé a kò tíì gbúròó rẹ̀ síbẹ̀?"

Bàbá Kékeré gbójú sókè. Ó wo àjà, pákó gẹdú tó mọ́ tónítóní. Ó rọra mi orí. Kò la ẹnu.

Ọ̀rọ̀ èébú wà lẹ́nu Bàbá Onígẹdú lọ́wọ́ nígbà náà, ó ti dé ìdajì rẹ̀. Ó dá dúró. Ó wo Bàbá Kékeré.  Ojú mi rí i bí ojú rẹ̀ ṣe ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ń túmọ̀ èdè tó rò pé òun kò gbọ́. Ó wá jókòó tì í lórí àga náà.

"Mo gbọ́," ó ní.

 Ó fa àwo ẹ̀pà sáàárín àwọn méjèèjì. Nígbà tó yá, ó yíjú sí mi bí ẹni pé èmi ni mo ń fi àkókò ṣòfò láti ọjọ́ yìí: "Tíṣà, kí lò ń dúró wò? Lọ mú ọjọ́ wá."

Ní ọjọ́ ìdána wa, wọ́n to àga fún àwọn ìdílé ọkọ. Bàbá Kékeré jókòó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Bàbá Onígẹdú fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àga kan wá láti pálọ̀, àga tó máa ń fi wo tẹlifíṣọ̀n, tí kì í jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ kankan gùn. Ó gbé e kalẹ̀. Ẹnìkan kò jókòó sórí rẹ̀. Alága ìjókòó ń kí àwọn àna lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tó dé ibẹ̀, ó dúró, kò mọ èwo ni kó ṣe. Bàbá Onígẹdú ní, "Kí i." Obìnrin náà sì kúnlẹ̀, ó kí àga.

Ó ti pẹ́ jìnnà. Àwọn àgbà méjèèjì ti lọ, télọ̀ náà ti lọ. Wọ́n jọ ń wò ó títí àwọn ará Ìbàdàn fi dá eré náà dúró láì ṣàlàyé ẹ̀gbọ́n yẹn, láì jẹ́ kí dókítà fẹ́ ẹni tó fẹ́. Títí dé orí àìsàn Bàbá Onígẹdú, bí Bàbá Kékeré bá wọlé lọ kí i, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n á jọ sọ ni pé wọ́n ti gé e. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan láti ṣàlàyé fún wọn pé kò sí ohun tí wọ́n gé. Wọ́n wò mí bí ẹni tí Ìbàdàn rán wá.

Irun etí mi ti ń funfun báyìí. Àwọn ọmọ wa ti ní fídíò tiwọn, wọ́n sì ń jà lórí rẹ̀: ta ló kú, ta ni kò kú, kí ló dé tí àpá ojú ọkùnrin yìí fi wà lápá òsì lánàá tó wá wà lápá ọ̀tún lónìí. Mo máa ń pariwo mọ́ wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí n sinmi. Àbíkẹ́yìn wa, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, yí sí mi lọ́jọ́ kan láàárín ariwo náà. Ó ní, "Bàbá, bàbá yín tó lọ Gánà yẹn, ṣé ó ti kú ni àbí kò kú?"

Mo fẹ́ dá a lóhùn. Tíṣà ni mí, n kì í fi ìbéèrè sílẹ̀ láì dáhùn. Ṣùgbọ́n ojú mi ti lọ sókè kí n tó mọ̀, mo ń wo àjà, orí mi sì ń mì.

Ìyá rẹ̀ ń gbé àwo kọjá lọ sí ilé ìdáná. Ogbó kò mú un gbàgbé iṣẹ́ ògbufọ̀. Kò tilẹ̀ dúró.

"Fi bàbá rẹ sílẹ̀," ó ní. "Wọ́n ti gé ibẹ̀."